Ìbò Márùn-ún Tí Télọ̀ Fi Di Alága

Ẹjọ́ kan dé ààfin lánàá. Ǹ bá sọ fún yín pé ńṣe ni mo lọ wòran, ṣùgbọ́n irọ́ ò dáa: èmi gan-an ni wọ́n pè lẹ́jọ́. Télọ̀ ni mí. Ìsọ̀ mẹ́tàlá ló wà ní ìlà wa. A dìbò yan alága láàárín èmi, Onídìrí àti Káfíńtà, mo wọlé, ó sì kù díẹ̀ kí ayọ̀ gbé mi ṣubú. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, mo lé Onídìrí kúrò ní ìsọ̀ iwájú tó kọjú sí títì, mo gbé maṣíìnì mi síbẹ̀ nítorí ìmọ́lẹ̀. Òun ló pẹjọ́.

"Kábíyèsí," ni Onídìrí wí lórí ìkúnlẹ̀, "ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti wà níbẹ̀. Télọ̀ jù mí sẹ́yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìyàgbẹ́. Àwọn oníbàárà mi ò rí mi mọ́. Ó ní alága lòun, pé ohùn òun lohùn gbogbo wa."

"Télọ̀, ṣé òótọ́ ni?"

"Òótọ́ ni, Kábíyèsí, kí adé pẹ́ lórí. Èmi ni wọ́n yàn."

"Ìbò mélòó lo ní?"

"Márùn-ún. Onídìrí ní mẹ́rin, Káfíńtà ní mẹ́rin. Márùn-ún ju mẹ́rin lọ, Kábíyèsí. Ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi pàápàá mọ̀ ọ́n."

"Mẹ́rin àti mẹ́rin ńkọ́?"

Mo húkọ́. "Wọn ò sí nínú agolo kan náà, Kábíyèsí. Bọ́tìnnì la fi dìbò, agolo mẹ́ta la tò sẹ́yìn kọ́tìnì. Agolo Onídìrí ò mọ ti Káfíńtà rí. Ẹ má jẹ́ ká so wọ́n pọ̀ tipátipá."

Ìjòyè àgbà kan tó ti ń tòògbé lajú. "Ṣé ẹ ò lófin ni?"

"A ní in, bàbá." Onídìrí fa ìwé kan yọ. "'Ẹni tó bá gba ju ìdajì ìbò lọ ni alága. Bí kò bá sí irú ẹni bẹ́ẹ̀, a ó tún ìbò dì.' Ẹni mẹ́tàlá ni wá, bàbá. Méje ló yẹ kó ní."

"Ta ló kọ òfin yìí?"

"Télọ̀ ni."

Ojú tì mí, ṣùgbọ́n ẹnu mi ò gbọ́. "Kábíyèsí, nígbà tí mo kọ ọ́, mi ò mọ̀ pé èmi náà á díje. Àti pé ẹni mẹ́wàá ló sọ ọ́ lójú mi pé èmi làwọn dìbò fún. Mo ní ẹlẹ́rìí."

Bàbá Oníbàtà, aládùúgbò mi, bọ́ síwájú. "Kábíyèsí, gbogbo wa pátá la yan Télọ̀. A fẹ́ràn rẹ̀ bí ojú."

"Ìwọ náà dìbò fún un?"

"Èmi? Rárá o. Onídìrí ni mo dìbò fún."

"Kí ló wá ń jẹ́ gbogbo yín?"

"Kábíyèsí, èmi ò sí nínú gbogbo wa lọ́jọ́ náà."

"Ojú là ń rí, ọ̀rẹ́ ò dénú," ni ìjòyè àgbà wí.

Mo ní kí wọ́n pe ìyàwó mi. Ó ń ta òwú ní ìsọ̀ tó kángun sí tèmi, ọkàn mi sì balẹ̀ lórí tirẹ̀.

"Ìyàwó Télọ̀, ta lo dìbò fún?"

"Káfíńtà ni, Kábíyèsí."

Mo rò pé ẹlòmíràn ló sọ̀rọ̀.

"Kí ló dé?"

"Mo ní kí Káfíńtà tún ilẹ̀kùn mi ṣe, nígbà tó di ọjọ́ kejì, ó ti parí ẹ̀. Bàbá wọn ti ń rán búláòsì mi láti ìgbà tí mo ti lóyún àbíkẹ́yìn wa. Ọmọ náà ti ń lọ sílé ìwé báyìí."

Ẹ̀rín pa wọ́n débi pé ìjòyè àgbà ń nu ojú. Èmi náà ì bá rẹ́rìn-ín, ká ní ẹlòmíràn ni. Onídìrí nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ìgbà náà ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé obìnrin náà ti rù. Ó dùn mí, mo sì dorí kodò.

Kábíyèsí gbọ́wọ́ sókè. "Télọ̀, o ṣáájú àwọn méjì yòókù, mi ò gbà á lọ́wọ́ rẹ. Ṣùgbọ́n nínú ẹni mẹ́tàlá, mẹ́jọ ló ní ẹlòmíràn làwọn fẹ́. Ẹni tó ṣáájú lásán ò ní agbára láti lé ẹnikẹ́ni kúrò níbi tó ti ń jẹun. Lónìí olónìí, ìwọ ni wàá fi orí ara rẹ ru gbogbo ẹrù Onídìrí padà síwájú. Ẹ ó tún ìbò dì lóṣù tó ń bọ̀. Kó tó dìgbà náà, rán aṣọ gbọọrọ kan, kí o gbé e kọ́ sẹ́nu ìsọ̀ rẹ, kí o kọ ọ́ sí i pé: ẸNI MÁRÙN-ÚN FẸ́ MI, ẸNI MẸ́JỌ KỌ̀ MÍ. Kí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan tóbi tó àtẹ́lẹwọ́ mi."

"Kábíyèsí, iṣẹ́ mi kì í tètè parí—"

"A ti gbọ́. Àárọ̀ ọ̀la ni."

Láàárọ̀ yìí, mo gbé aṣọ náà kọ́. Òun ni iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí mo parí lọ́jọ́ àdéhùn láti ìgbà tí mo ti gba fúrídọ́ọ̀mù. Ìyàwó mi jáde wá, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó wá kọjú sí mi.

"Márùn-ún kẹ̀? Ẹ̀yin fúnra yín ni ọ̀kan, bàbá wọn. Ta wá làwọn mẹ́rin yòókù?"

Láti ìgbà náà ni mo ti ń béèrè láti ìsọ̀ dé ìsọ̀. Kò sẹ́ni tó jẹ́wọ́.