Ìkéde Ẹnu Bodè Ìdó-Ọsàn: Ẹni Tí Kò Mọ Oríkì Ilé Rẹ̀, Kó Máa Lọ

Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ o! Gbogbo Ìdó-Ọsàn, ẹ gbọ́ o!

Ẹni tó ń jẹun, kó di òkèlè mú sọ́wọ́! Ẹni tó ń sùn, kí ẹni tó sùn tì í gbá a lẹ́sẹ̀! Ẹni tó ń jà, kó rántí ibi tó bá ìjà dé, kó lè padà sí i tí mo bá tán! Èmi Àjàgbé akéde ni mo dúró lẹ́nu bodè. Agogo wà lọ́wọ́ mi, ọ̀rọ̀ ìlú wà lẹ́nu mi. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe tèmi. Mo tún un sọ: ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe tèmi!

Àlejò ti pọ̀ jù nílùú! Ìgbìmọ̀ ìlú ló sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n jókòó, wọ́n jẹ obì, wọ́n wo ojú ọ̀nà, wọ́n rí ẹnì kan tí wọn kò mọ̀ tó ń kọjá lọ, àyà wọn já. Nítorí náà wọ́n ti dá Ilé-Iṣẹ́ Aṣọ́bodè sílẹ̀, láti máa mú àlejò, kí wọ́n sì máa dá a padà síbi tó ti wá. Ẹ pàtẹ́wọ́! Ẹ ṣeun, ẹ̀yin méjèèjì.

Ẹ fetí sí bí wọ́n ṣe tò ó. Lókè pátápátá ni Olóyè Láṣebíkan wà, Olórí Aṣọ́bodè. Òun ló jókòó lórí àga onítìmùtìmù yẹn, tó wọ dígí dúdú kí àlejò má baà mọ ibi tó ń wò. Lábẹ́ rẹ̀ ni Ọ̀tún Aṣọ́bodè wà, tó ń mójú tó àwọn tó bá fẹsẹ̀ rìn wọlé. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Òsì Aṣọ́bodè, tó ń mójú tó àwọn tó bá gun ọ̀kadà wọlé. Ẹni tó bá sọ̀kalẹ̀ lórí ọ̀kadà tó wá fẹsẹ̀ rìn, àwọn méjèèjì yóò kọ́kọ́ jà lé e lórí, kí àlejò náà ní sùúrù fún wọn. Ààrẹ Ìfura wà, iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti máa fura. Igbákejì Ààrẹ Ìfura wà, iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti máa fura sí Ààrẹ. Agbẹnusọ wà. Ẹni tó ń gbé àga Olórí wà, òun náà ti joyè.

Nísàlẹ̀ gbogbo wọn ni Sùbérù wà. Sùbérù nìkan ló ń ṣọ́ bodè. Òun ló ń gbé ọ̀pá ọparun sókè, òun ló ń gbé e sọ̀kalẹ̀. Tí Sùbérù bá fẹ́ gbé ọ̀pá, yóò bi Òsì. Òsì yóò bi Ọ̀tún. Ọ̀tún yóò bi Olórí. Olórí yóò bi Agbẹnusọ pé kí ni òun wí lánàá. Kí wọ́n tó parí rẹ̀, àlejò ti gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀pá wọlé, nítorí pé bodè wa kò ní ògiri. Ewúrẹ́ pàápàá mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ta ló ń rẹ́rìn-ín? Jímọ̀ tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe, mo rí ọ! Àṣẹ ló kàn!

Àṣẹ kìn-ín-ní! Ẹnikẹ́ni tí wọn kò bí sí Ìdó-Ọsàn, àlejò ni! Bó ti wù kó jẹ iṣu wa pẹ́ tó, àlejò ni! Bó bá òkú wa sọkún, bó gbẹ̀bí ọmọ wa, àlejò ni! Ìyàwó tí a gbé láti ìlú mìíràn wá, àlejò ni! Kí oòrùn òní má wọ̀ bá a nínú ìlú! Mo tún un sọ... Ẹ jẹ́ kí n mí ná. Mo tún un sọ: ìyàwó tí a gbé láti ìlú mìíràn wá, kó di ẹrù rẹ̀.

Kí lo wí, Jímọ̀? Ẹ̀yin ará ìlú, Jímọ̀ ní: "Àjàgbé, Àwẹ̀ró tìrẹ ńkọ́? Ṣebí ìlú Ìgbóyà lo ti gbé e wá?"

Iṣẹ́ ni wọ́n rán mi o! Akéde kì í bá agogo jà! Àwẹ̀ró ìyàwó mi ló dúró lábẹ́ igi ọsàn yẹn. Ẹrù wà lórí rẹ̀: ẹní, ìkòkò kan, àti ìborùn aláwọ̀ aró tí mo rà fún un nígbà tó bí àkọ́bí wa. Ó ń wò mí. Ẹ̀yin, èmi ni kí ẹ máa wò, ẹ yé wò ó! Ìkéde ń lọ!

Àṣẹ kejì! Ewúrẹ́, àgùntàn tàbí adìẹ tó bá ti Ìgbóyà wá, kó dúró lẹ́nu bodè kí Ààrẹ Ìfura fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò. Èyí tí kò bá dáhùn, ó ti jẹ̀bi! Èyí tó bá dáhùn, ẹ sáré wá pe gbogbo wa!

Àṣẹ kẹta! Òjò tó bá ti ọ̀nà Ìgbóyà ṣú wá kò gbọdọ̀ rọ̀ síhìn-ín láìgba àṣẹ! Ta ló tún ń sọ̀rọ̀? Ìyá àgbà kan ló ń bèèrè pé, "Ọmọ mi, ibo ni òjò tiwa ti máa ń ṣú wá tẹ́lẹ̀?" Màmá, ẹ jọ̀ọ́, Olórí ń gbọ́ yín.

Ìjìyà! Ẹni tó bá fi àlejò pamọ́ sínú yàrá, sínú àká, sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, wọn yóò mú un jókòó síwájú Olórí, yóò sì gbọ́ ọ̀rọ̀ ìkíni-káàbọ̀ Olórí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin! Kò sí omi! Kò sí ìsinmi! Àánú kò sí!

Àṣẹ kẹrin, baba àṣẹ! Báwo ni a ó ṣe mọ ọmọ ìlú? Ìgbìmọ̀ ti ronú sí i. Wọ́n ní ojú lè jọra, wọ́n ní ìwé lè jẹ́ ayédèrú, ṣùgbọ́n oríkì kì í parọ́! Gbogbo ẹni tó bá pe ara rẹ̀ lọ́mọ ìlú, kó wá síwájú ọ̀pá ọparun, kó ki oríkì orílẹ̀ ilé rẹ̀ látòkè délẹ̀. Kò gbọdọ̀ kọsẹ̀. Kò gbọdọ̀ sọ pé "ẹ jẹ́ kí n rántí." Ẹni tó bá ki tirẹ̀ pé, ọmọ ìlú ni! Ẹni tí kò bá ki tirẹ̀ pé, àlejò ni, kó gba abẹ́ ọ̀pá kọjá! Kò sí ẹni tó tóbi ju òfin yìí lọ. Ẹ gbọ́ o: kò sí!

Olórí ni yóò fi ara rẹ̀ ṣe àpẹẹrẹ. Ẹ dákẹ́! Olórí ti dìde. Ó ti bọ́ dígí. Ó ti tún fìlà ṣe. Ó ti gbé ọwọ́ sókè. Ó ní, "Ọmọ..." Ẹ gbọ́ o! Ó ní, "Ọmọ..." Ó ń bèèrè omi. Ẹ fún Olórí lómi. Ó ti mu ún. Ó ní, "Ọmọ, ọmọ, ọmọ ilé wa."

Ẹ má pariwo! Ọ̀tún yóò ràn án lọ́wọ́. Ọ̀tún ti dìde. Orin ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni Ọ̀tún ń kọ. Ọ̀tún, ẹ jókòó. Òsì ní tòun wà nínú fóònù, iná sì ti tán lára fóònù. Ààrẹ Ìfura ní òun fura sí ìbéèrè náà. Igbákejì rẹ̀ ní ó ti pẹ́ tí òun ti ń fura pé Ààrẹ kò mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀yin ará ìlú, ẹ rò ó wò. Ta ló ń ki oríkì nínú ilé wa? Láàárọ̀ kùtù, tí ìrì ṣì wà lórí ewé, ta ló máa ń kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, tó ń ki ọkọ, tó ń ki ọmọ, tó ń ki àwọn tó ti kú kí òun tó dé ilé náà? Ìyàwó ilé ni. Ìyá ọkọ rẹ̀ ló kọ́ ọ nígbà tó ṣì jẹ́ ìyàwó tuntun. Àwa ọkùnrin, iṣẹ́ tiwa ni kí orí wa máa wú. Orí wa sì ti wú títí, a kò wá mọ ohun tó ń wú u.

Àwọn ìyàwó ilé náà dà? Wọ́n wà nínú àṣẹ kìn-ín-ní. Wọ́n ti di ẹrù.

Ẹ dúró! Ohùn kan ń bọ̀ láti òdìkejì ọ̀pá. Àjíhun ni, ìyàwó Olórí. Ọmọ Ìgbóyà ni òun náà. Olórí fúnra rẹ̀ ló mú un kọjá láàárọ̀ yìí, kí ìlú lè rí i pé òun kì í ṣe ojúsàájú. Ó ń ké pé: "Baálé mi, ẹ má dójú ti ilé! Ẹ máa wí tẹ̀ lé mi!" Ó sì ń kì í lọ, ẹrù rẹ̀ kò mì lórí:

Ọmọ ẹni tó ti Ìgbóyà wá, tí eruku bo ẹsẹ̀ rẹ̀.
Ó kan ilẹ̀kùn, onílé ní ta ni?
Ó ní ebi ń pa mí, inú mi mọ́.
Onílé sún fún un, ó ní jókòó.
Ọmọ ajókòó-má-dìde-mọ́.
Ọmọ àlejò tó gbin ọsàn, tí onílé ń ká a jẹ.

Olórí ń wo bàtà rẹ̀. Jímọ̀ ló kọ́kọ́ rí ẹnu sọ̀rọ̀: "Háà, Olóyè! Ẹ̀yin gan-an ni àlejò tí à ń wá láti àárọ̀!"

Òfin ni òfin. Sùbérù kò bi Òsì, kò bi Ọ̀tún. Ó gbé ọ̀pá sókè fúnra rẹ̀. Ó ní, "Ẹ rọra o, Ọ̀gá, kí ọ̀pá má ṣí fìlà yín." Olórí ti kọjá. Ọ̀tún ti kọjá. Òsì ti kọjá, ó ṣì ń tẹ fóònù. Ẹni tó ń gbé àga ti gbé àga kọjá. Ilé-Iṣẹ́ Aṣọ́bodè ti wà lẹ́yìn bodè látòkè délẹ̀, àfi Sùbérù tó di ọ̀pá mú, wọ́n sì tò bí ipò wọn ṣe rí!

Ẹmẹsẹ̀ ààfin ti dé! Kábíyèsí ránṣẹ́! Kábíyèsí ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ pé irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wà ni. Kábíyèsí ní òun náà ti gbìyànjú oríkì òun wò nínú yàrá. Kábíyèsí ní kí ẹnikẹ́ni má bèèrè bó ṣe lọ. Olorì aya rẹ̀ ṣì ń rẹ́rìn-ín títí di ìsinsìnyí.

Àṣẹ karùn-ún, láti ẹnu Kábíyèsí! Ẹni tó mọ oríkì ilé, òun ló nílé! Kí gbogbo ìyàwó tó di ẹrù sọ ẹrù kalẹ̀! Àjíhun ni Olórí Aṣọ́bodè láti òní lọ! Ọkùnrin tí kò bá mọ oríkì ilé rẹ̀, ẹ̀yìn ọ̀pá ni kó wà títí ìyàwó rẹ̀ yóò fi kọ́ ọ. Bí inú bá ń bí ìyàwó, kó dúró kí inú rẹ̀ rọ̀. Ẹní tí yóò sùn lé, kó wá a fúnra rẹ̀!

Kí ló tún dé, Jímọ̀? Ó ní, "Akéde, tìrẹ ńkọ́?"

Tèmi. Ẹ gbọ́ o. Tèmi ni pé... Ọmọ... Ó dára. Sùbérù, gbé ọ̀pá.

Ṣé ẹ ṣì ń gbọ́ mi? Mo ti wà lẹ́yìn bodè. Gbogbo ìyàwó ti sọ ẹrù kalẹ̀. Àwẹ̀ró nìkan ni kò tíì sọ tirẹ̀ kalẹ̀. Ó ń bọ̀. Ó ti dé ẹ̀gbẹ́ ọ̀pá. Kò mọ̀ bóyá kó dúró tàbí kó máa lọ Ìgbóyà, èmi náà kò mọ̀.

Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ o! Ìkéde tó kù yìí, tèmi ni! Kò sí ẹni tó rán mi! Èmi Àjàgbé kéde pé kí ìyàwó mi di ẹrù, mo sì tún un sọ, ohùn mi kò gbọ̀n. Àwẹ̀ró, jọ̀ọ́. Sọ ẹrù kalẹ̀.

Ó ní, "Gbé agogo yẹn sílẹ̀ ná. Ọ̀rọ̀ ilé kì í ṣe ìkéde."

Mo ti gbé e sílẹ̀. Ohùn lásán ni mo fi ń sọ èyí fún yín. Ó ti sọ ẹní kalẹ̀. Ó ti sọ ìkòkò kalẹ̀. Ìborùn ti wà léjìká rẹ̀. Ó ní kí n wí tẹ̀ lé òun: "Ọmọ akéde-ọ̀rọ̀-ọlọ́rọ̀, tó gbàgbé ti ilé rẹ̀."

Háà! Ṣé bẹ́ẹ̀ ló ṣe wà látayébáyé, Àwẹ̀ró, àbí o ṣẹ̀ṣẹ̀ fi kún un ni?

Ó ń rẹ́rìn-ín.

Ẹni tó gbọ́, kó wí fún ará ilé rẹ̀. Ẹni tí kò gbọ́, kó bi ìyàwó rẹ̀ léèrè. Agogo ti sùn. Akéde ń kọ́ ẹ̀kọ́ lọ́wọ́.