Ìbora Kọ́ Sára Ògiri, Onílé Ń Gbọ̀n

Ẹ jẹ́ kí n fi Ọ̀gá Àkànpọ̀ hàn yín kí òun tó fi ara rẹ̀ hàn, nítorí bó bá bẹ̀rẹ̀, ilẹ̀ á ṣú mọ́ wa lórí. Àkànpọ̀, ọmọ abẹ́rẹ́-ò-sinmi, ẹnu náà ò sinmi! Iṣẹ́ ìbora alákànpọ̀ ló ń ṣe: kí á gé àjákù aṣọ ní ègé-ègé, kí á kàn wọ́n pọ̀, kí á tẹ́ òwú sáàárín, kí á sì rán gbogbo rẹ̀ mọ́ra. Bí ẹ bá sùn ní àdúgbò wa tí òtútù ò mú yín, òun ni kí ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Kì í ra aṣọ. Oníbàárà ló ń kó aṣọ ilé tirẹ̀ wá: yunifọ́ọ̀mù ọmọ tó ti jáde ilé ẹ̀kọ́, búláòsì tó ti fún ìyá jù, kọ́tìnnì tí iná jó létí. Ìdí nìyẹn tí ìbora ilé kan kì í fi í jọ ti ilé kejì. Èmi tí mo ń tún ẹ̀rọ ìránṣọ ṣe ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ṣòkòtò tí mo fi gbéyàwó ló wà nínú tèmi.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló bà á jẹ́. Àlejò kan ń kọjá lọ, ó rí ìbora tí wọ́n fọ̀ tí wọ́n sá sórí okùn, ó ya fọ́tò rẹ̀, ó ní, "Iṣẹ́ ọnà nìyí o!" Àlejò bá tirẹ̀ lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Ọ̀gá Àkànpọ̀ so súkáàfù pupa mọ́rùn, ó yọ pátákó tó wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ó ní kí ẹnikẹ́ni má pe òun ní aránbora mọ́.

"Kí ni ká wá máa pè yín?" ni mo bi í.

"Ayàwòrán-láìlo-ọ̀dà, Afabẹ́rẹ́-ronú. Ṣùgbọ́n ìwọ lè gé e kúrú sí Ọ̀gá."

Adìẹ funfun kò mọ ara rẹ̀ lágbà, ó tún ní kí wọ́n wá ya òun ní fọ́tò. Iṣẹ́ rẹ̀ wá ń tẹ̀ síwájú, bí òun ṣe pè é nìyẹn. Ó kọ́kọ́ jáwọ́ nínú gígé aṣọ kó gún. Ó ní ìwà ẹrú ni kí igun gún. Lẹ́yìn náà ó yọ òwú àárín, ó ní òwú ń ká èrò òun lọ́wọ́ kò. Nígbà tó yá, kò ká etí aṣọ mọ́, ìyàwó rẹ̀ ń gbá fọ́nrán òwú nílẹ̀ láàárọ̀, ó ń gbá a nírọ̀lẹ́. Níkẹyìn ó gún abẹ́rẹ́ mọ́ aṣọ kan, kò fà á jáde, ó jókòó tì í, ó ń mi orí.

"Ẹ ò ní parí ẹ̀ ni?" ni ìyàwó rẹ̀ bi í.

"Ó ti parí. Ìbéèrè ni abẹ́rẹ́ yẹn."

"Ta lẹ̀ ń bi?"

"Ayé."

"Ayé á wá jókòó lé e lórí o! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ ọ́."

Ọ̀gá sọ̀rọ̀ ara rẹ̀ káàkiri títí wọ́n fi yá a ní gbọ̀ngàn ńlá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìkówèésí, kó wá pàtẹ iṣẹ́ rẹ̀ níbẹ̀. Alága ìgbìmọ̀ ọnà fúnra rẹ̀ ń bọ̀ wá wò ó, wọ́n sì ti ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé bí iṣẹ́ náà bá wu Alága, Ọ̀gá ni yóò di olùkọ́ àgbà ní ilé ẹ̀kọ́ ọnà tuntun. Wàhálà kan ló wà níbẹ̀. Ògiri gbọ̀ngàn náà gùn, iṣẹ́ ọnà tí Ọ̀gá ní kò ju mẹ́ta lọ, ọ̀kan nínú wọn sì ni abẹ́rẹ́ yẹn.

Ló bá ń kan ilẹ̀kùn wa lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ẹ kó ìbora yín wá, ẹ jẹ́ n bá yín tún etí ẹ̀ rán. Ọ̀fẹ́ ni o." Ọ̀fẹ́! Ẹ ò rí i bí a ṣe ń sáré. Èmi tilẹ̀ ká tèmi dáadáa, mo tún dúpẹ́ lé e.

Ẹni kan ṣoṣo ló lọ́ra, opó tó ń ta bọ́tìnnì níwájú ṣọ́ọ̀bù wa. Ṣẹ́ẹ̀tì ọkọ rẹ̀ ló wà nínú ìbora tirẹ̀, àwọn èyí tí ọkùnrin náà ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́ kó tó kú. Kò rí oorun sùn láìsí i lára rẹ̀.

"Ẹ má fọ̀ ọ́ o," ló wí. "Òórùn bàbá ṣì wà lára ẹ̀."

"Ìyá, etí ẹ̀ nìkan ni mo fẹ́ tún ṣe. Tó bá di ọ̀la, ẹ ó ti gbà á."

Ọ̀la dé, òtútù dé pẹ̀lú rẹ̀, ìbora ò dé. Ẹ wá wo àdúgbò wa: à ń wọ ìbọ̀sẹ̀ lé ìbọ̀sẹ̀, ìyàwó mi ń fi ẹ̀wù òjò mi bora. Bí a bá béèrè, Ọ̀gá á ní, "Iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́." Opó yìí ò bá a jà. Láràárọ̀ ló ń wá, ojú rẹ̀ á ti wú fún àìsùn, á rọra béèrè pé, "Ṣé ẹ ti ṣe é tán?" Èyí ló bí mi nínú jù, ẹ jẹ́ n sọ ọ́ bó ṣe jẹ́.

Ká ní Ọ̀gá gbọ́n ni, ì bá ti ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn mọ́ wa. Ṣùgbọ́n fáàrí láìsí alátẹ́wọ́ kò dùn. Òun fúnra rẹ̀ ló pe gbogbo àdúgbò.

"Ẹ pè wọ́n kẹ̀?" ni ìyàwó rẹ̀ wí. "Wọ́n á dá nǹkan wọn mọ̀ o!"

"Kí ni wọ́n á fi dá a mọ̀? Mo ti dorí ẹ̀ kodò. Ọnà ti yí i padà."

A dé gbọ̀ngàn, òtútù ibẹ̀ ju ti ìta lọ. Alága ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ọ̀pá rẹ̀ lọ́wọ́, Ọ̀gá ń tẹ̀lé e bí ọkọ ìyàwó.

"Èyí ńkọ́?"

"Ìrìn Àjò Ọkàn Nínú Aginjù nìyẹn, Alága."

Mo wo aginjù náà dáadáa. Ó ní sípù. Ṣòkòtò mi ni! Mo fẹ́ pariwo, àmọ́ Alága ti dé iwájú èyí tó tẹ̀ lé e.

"Búlúù yìí wọ̀ mí lára. Báwo lẹ ṣe rí i?"

"Ẹkún ọmọ aráyé ni, Alága. Mo gbààwẹ̀ kí n tó rí àwọ̀ yẹn."

"Ó máa dára ní ọ́fíìsì mi."

"Ẹ máa gbé e lọ! Tiyín ni."

Opó tó ń ta bọ́tìnnì ti rọra kọjá láàárín èrò. Kò pariwo rárá. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má gbé e lọ. Ṣẹ́ẹ̀tì ọkọ mi ni."

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹ má dá ìyá lóhùn, Alága. Ọnà kì í yé gbogbo èèyàn."

"Ẹ wo bọ́tìnnì yìí," ni obìnrin náà wí, ó fi ìka kàn án. "Dúdú ni, funfun sì ni ìyókù. Èmi tí mò ń ta bọ́tìnnì, mi ò ní funfun nílé lọ́jọ́ náà. Bàbá ní kò burú, wọ́n sì ń wọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀." Ó fi ojú sínú aṣọ náà, ó mí sínú. "Wọn ò fọ̀ ọ́," ló wí, omijé sì bọ́ lójú rẹ̀.

Alága fúnra rẹ̀ ló bá a tú u kúrò lára ìṣó.

Ọjọ́ gbogbo ni ti olè, ọjọ́ kan ni ti olóhun. Oníbúrẹ́dì àdúgbò wa ti gun àga: "Kọ́tìnnì wa rèé!" Telifíṣọ̀n ò lè ṣeré tó bẹ́ẹ̀. "Yunifọ́ọ̀mù ọmọ mi!" "Búláòsì ìyá mi rèé, ẹ tún dorí ẹ̀ kodò!" Èmi ti já aginjù mi bọ́, mo ti fi bora.

"Ẹ rọra! Ẹ fi iṣẹ́ ọnà mi sílẹ̀!" Ọ̀gá ń sáré láti òpin kan dé òpin kejì, kò rí ọ̀kan gbà.

Nígbà tí ariwo rọlẹ̀, Alága tún bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Ó na ọ̀pá sí ìṣó tó dúró lásán lára ògiri. "Kí lorúkọ èyí, Ọ̀gá?"

Ọ̀gá tú súkáàfù pupa rẹ̀, ó tún un so. Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín, àwọn tó bá Alága wá láti ìgboro náà ń rẹ́rìn-ín di ara wọn mú.

"Olùkọ́ àgbà kọ́ ló yẹ yín," ni Alága wí. "Ẹ kọ́kọ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń dá ohun olóhun padà." Ó bá jáde.

Yàtọ̀ sí iṣẹ́ ọnà rẹ̀ mẹ́ta, ìbora kan ṣoṣo ló kù lára ògiri, èyí tí Ọ̀gá ká wá láti orí bẹ́ẹ̀dì ara rẹ̀. Ọ̀gá ń gbọ̀n, eyín rẹ̀ ń lu ara wọn, ó forí lé e. Ìyàwó rẹ̀ ti débẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Ó já a, ó wé e mọ́ ara láti ọrùn dé ẹsẹ̀.

Ọ̀gá na ọwọ́. "Ìyàwó mi, fún mi ní etí ẹ̀ kan."

"Hẹ́ẹ̀n! Ẹ gbọ́wọ́ kúrò!" ni obìnrin náà wí, ó sún sẹ́yìn. "Iṣẹ́ ọnà ni o. Wọn kì í fọwọ́ kàn án."