Àtàǹpàkò Kẹrìnlá

Ṣé ẹ mọ ohun tó fà á tí àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà fi ń pa á lówe fún ara wọn pé ẹni tó ní kí wọ́n wá pe òun kì í kó kúrò nílé? Wọ́n lé obìnrin kan kúrò lẹ́nu iṣẹ́ nítorí ìlà kan ṣoṣo nínú ètò kọ̀ǹpútà ni. Òun ló kọ ìlà náà. Ọ̀gá rẹ̀ ló yọ ọ́. Nígbà tí nǹkan bàjẹ́, ọ̀gá kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé àìbìkítà obìnrin náà ló fà á, ó fọwọ́ sí i, ó sì lọ jẹun ọ̀sán.

Fẹ́hìntọlá lorúkọ obìnrin náà. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n bó bá kọ nǹkan, ẹ̀ẹ̀mẹta ló máa ń kà á kó tó fi sílẹ̀. Ilé iṣẹ́ rẹ̀ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ilé ìwòsàn Òkè-Amọ̀, ìlú àwọn obìnrin amọ̀kòkò. Wọ́n fẹ́ ètò tí yóò máa fi ìtẹ̀ka dá aláìsàn mọ̀. Aláìsàn á tẹ àtàǹpàkò mọ́ ẹ̀rọ kékeré kan, kọ̀ǹpútà á ya àwòrán ojú rẹ̀, káàdì á jáde. Ẹni tó bá ní káàdì ló lè rí oògùn gbà. Ẹni tí kò bá ní, kó lọ jókòó.

Ilé méjì ló wà nínú iṣẹ́ yìí, ibẹ̀ sì ni ìjàngbọ̀n ti bẹ̀rẹ̀. Ètò tí Fẹ́hìntọlá kọ dà bí ilé tuntun tó ní agbálẹ̀ tirẹ̀. Ohunkóhun tó bá wà nílẹ̀ tí ẹnikẹ́ni nínú ilé kò dì mú, agbálẹ̀ á gbá a dànù kí àyè má bàa kún. Ṣùgbọ́n kóòdù tó ń darí ẹ̀rọ ìtẹ̀ka, àkójọ àṣẹ àtijọ́ kan tí wọ́n ń pè ní láíbúrárì, èyí tí àwọn tó ṣe ẹ̀rọ náà ti kọ fún Windows láti ọjọ́ pípẹ́, ilé ọ̀tọ̀ nìyẹn. Kò sí agbálẹ̀ níbẹ̀. Ó dà bí sójà tó ti fẹ̀yìn tì. Ohun tí o bá ní kó ṣe ló máa ṣe, kò ní bi ọ́ bóyá o ṣì fẹ́ ẹ. Ilé tuntun á fún un ní àdírẹ́sì, á ní, "Bí ẹnikẹ́ni bá ti tẹ̀ka, ẹnu ọ̀nà yìí ni kí o ti wá pè mí." Sójà á fi àdírẹ́sì sápò.

Àmọ́ agbálẹ̀ ilé tuntun kò mọ̀ pé sójà ń bọ̀. Bó bá wò yíká, tí kò rí ẹnikẹ́ni nínú ilé tó di ẹnu ọ̀nà yẹn mú, á gbá a dànù tòun ti ilẹ̀kùn. Bí sójà bá wá gbé ẹsẹ̀ sí ibi tí ilẹ̀kùn wà tẹ́lẹ̀, inú kòtò ló máa já sí, gbogbo ilé á sì wó tẹ̀lé e.

Fẹ́hìntọlá mọ èyí. Ó kọ ìlà kan tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó di ẹnu ọ̀nà náà mú lọ.

Ọ̀gbẹ́ni Akínbọ̀dé, ọ̀gá rẹ̀, rí ìlà náà nígbà tó ku ọjọ́ méjì kí wọ́n gbé iṣẹ́ lọ.

"Fẹ́hìntọlá, kí ni ìlà yìí ń ṣe?"

"Ó di àdírẹ́sì mú, ọ̀gá."

"Mo rí i pé ó dì í mú. Lẹ́yìn tó dì í mú tán, kí ló tún wá ṣe?"

"Kò ṣe nǹkan mìíràn, ọ̀gá. Dídì í mú niṣẹ́ rẹ̀."

"A kì í gba ẹni tó kàn máa dúró sójú kan síṣẹ́ níbí. A ò ní wá torí tìẹ bẹ̀rẹ̀ sí í gba ìlà." Ó pa á rẹ́.

"Ọ̀gá, ilé á wó."

"Jẹ́ ká wò ó." Ọ̀gbẹ́ni Akínbọ̀dé jókòó ti ẹ̀rọ, ó tẹ àtàǹpàkò, ó tẹ ìka tó tẹ̀lé e, títí ó fi tẹ ìka ọwọ́ méjèèjì tán. Kọ̀ǹpútà ya ojú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ó tẹ káàdì mẹ́wàá jáde, orúkọ rẹ̀ lórí gbogbo wọn. "Mẹ́wàá nínú mẹ́wàá. Àbí o fẹ́ kí n bọ́ bàtà?"

Ká ní ó bọ́ bàtà ni, ọ̀pọ̀ nǹkan ì bá má ṣẹlẹ̀. Agbálẹ̀ kì í jáde títí àyè yóò fi fẹ́ kún, àwòrán ojú àwọn aláìsàn ló sì ń kún àyè. Lẹ́yìn ẹni kẹtàlá ló máa ń mú ìgbálẹ̀. Ìka mẹ́wàá péré sì ni Elédùmarè fi sọ́wọ́ ènìyàn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Òkè-Amọ̀. Láoyè, akọ̀wé káàdì, fún àwọn èèyàn ní nọ́ḿbà lórí ìlà. Ẹni mẹ́tàlá gba káàdì, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ìkẹrìnlá ni Ìyá Adépèlé, amọ̀kòkò, ẹni àádọ́rin ọdún, tí ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá jà. Ó tẹ àtàǹpàkò rẹ̀. Ètò náà pòórá lójú kọ̀ǹpútà. Kò kígbe, kò sọ pé ó dìgbà.

"Màmá, kí lẹ fọwọ́ yín ṣe?" Láoyè bi í.

"Ìkòkò ni mo fi mọ, ọmọ mi. Láti ọdún márùndínlọ́gọ́ta."

"Ó ti jẹ ìlà ọwọ́ yín tán. Ẹ lọ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́."

Ó lọ fọ̀ ọ́. Láoyè tún ètò náà tan, ó sì ń ṣiṣẹ́ lọ láti orí ẹlòmíràn. Nígbà tí màmá padà dé, wọ́n ní kó lọ sẹ́yìn ìlà. Ẹni kẹrìnlá lẹ́yìn ìtúntàn náà ni télọ̀ kan, ọwọ́ rẹ̀ mọ́ bí àwo. Ètò tún pòórá. Láoyè ní abẹ́rẹ́ ló gún àtàǹpàkò rẹ̀ bàjẹ́. Ìkẹrìnlá tó tẹ̀lé e ni pásítọ̀. Láoyè kò rí nǹkan sọ sí ọwọ́ pásítọ̀, ó ní ó jọ pé wọn kò gbàdúrà ìbẹ̀rẹ̀ dáadáa.

Ní Ìṣẹ́gun kejì, gbogbo ìlú ti gbọ́. Kò sẹ́ni tó fẹ́ jẹ́ ìkẹrìnlá mọ́. Ẹni tí wọ́n bá fún ní nọ́ḿbà yẹn á ní òun gbàgbé ìkòkò sórí iná. Ọkùnrin kan fi tirẹ̀ ta àna rẹ̀ lọ́rẹ, àna fi ta á padà, wọ́n sì ṣe bẹ́ẹ̀ títí ọ̀rẹ́ wọn fi bàjẹ́. Nọ́ọ̀sì kan wá dá ọgbọ́n: ó kó gbogbo nọ́ḿbà kẹrìnlá dànù. Láti mẹ́tàlá, ó di mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹni tó gba mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tẹ̀ka, ètò pòórá.

"Ẹ̀rọ náà ti mọ̀," ni nọ́ọ̀sì náà wí.

Ìyá Adépèlé kò lẹ́ni tó lè fi nọ́ḿbà ta lọ́rẹ. Wọ́n ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé àtàǹpàkò rẹ̀ ló kọ́kọ́ ba ẹ̀rọ jẹ́, torí náà ìdí ìlà ni wọ́n ń fi í sí, ilẹ̀ á sì ṣú kó tó kàn án. Ó fi ọsàn wẹ́wẹ́ pa ọwọ́, ó fi àdí pa á, ó dáwọ́ amọ̀ dúró kí ìlà ọwọ́ lè hù. Kò rí káàdì. Kò rí oògùn. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ó ṣubú sí ẹ̀gbẹ́ ẹbu, ibi tó ti máa ń mọ ìkòkò rẹ̀. Ìgbà yẹn ni ilé ìwòsàn wá gbà á wọlé láìbéèrè káàdì, wọ́n sì tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì kẹta, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ wúwo bí òkúta.

Ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ yẹn ni Ọ̀gbẹ́ni Akínbọ̀dé fún Fẹ́hìntọlá ní lẹ́tà tó fi lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́.

"Ọ̀gá, ẹ̀yin lẹ yọ ìlà yẹn."

"Èmi ni ọ̀gá. Ẹni tó kọ iṣẹ́ ló ni àṣìṣe." Ó wo ojú rẹ̀, àánú díẹ̀ ṣe é, tàbí ẹ̀rù. "Lọ wádìí ohun tó ń wó o gan-an. Bí o bá ti rí ẹ̀rí, pè mí. Mi ò ní kúrò nídìí fóònù. N ó fa lẹ́tà yìí ya."

Ẹ̀rí kò gbà á ní wákàtí kan. Ó pe Láoyè, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yìn ẹni mélòó ló máa ń pòórá?" Láoyè ní mẹ́tàlá, kì í yẹ̀. Fẹ́hìntọlá ṣírò bí àwòrán kọ̀ọ̀kan ṣe tóbi tó, ó rí ibi tí agbálẹ̀ ti ń jáde, gbogbo rẹ̀ sì bá ara wọn mu. Ó pe Ọ̀gbẹ́ni Akínbọ̀dé.

Fóònù kò lọ. Ó tún pè. Kò lọ. Ó pè é fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko. Àṣé mátírọ́ọ̀nù Òkè-Amọ̀, ọ̀gá àwọn nọ́ọ̀sì ibẹ̀, ló ń fi ìpè yọ ọkùnrin náà lẹ́nu, tó fi yọ síìmù rẹ̀ sọnù, tó lọ ra tuntun, tí kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Fẹ́hìntọlá jókòó, ó ń wo fóònù. Ó wí nínú ara rẹ̀ pé, "Ó ní kí n pe òun, ó sì kó kúrò nílé." Ẹ̀rín gbọ̀n ọ́n, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀rín ayọ̀. Ó lè dúró títí ọkùnrin náà yóò fi rántí rẹ̀, kó lè gba iṣẹ́ padà. Ó ronú àwọn tó ń fi ọsàn pa ọwọ́. Ó wọ bàtà, ó wọkọ̀ lọ sí Òkè-Amọ̀.

Mátírọ́ọ̀nù gbọ́ ọ títí dé òpin. "Ṣé kì í ṣe ọwọ́ màmá yẹn?"

"Kì í ṣe ọwọ́ ẹnikẹ́ni, mà. Àfi ọwọ́ tó yọ ìlà."

Ẹ̀dà kóòdù náà wà lọ́wọ́ ilé ìwòsàn, bí àdéhùn ṣe wí. Mátírọ́ọ̀nù kọ̀wé àṣẹ fún un, ó fọwọ́ sí i. Fẹ́hìntọlá dá ìlà kan náà padà. Nítorí kí ẹlòmíràn tó fẹ́ràn ìmọ́tótó má bàa tún yọ ọ́, ó kọ àlàyé sí òkè rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tó bá máa kà á: "Má yọ èyí. Ẹni tó ní kí wọ́n wá pe òun kì í kó kúrò nílé. Bi Ìyá Adépèlé léèrè." Ó tún kọ ọ́ sórí pátákó ìkéde ilé ìwòsàn pé ẹ̀rọ ló ṣẹ̀, pé àtàǹpàkò gbogbo ará ìlú pé.

Ẹni mẹ́tàlá tẹ̀ka ní Ìṣẹ́gun tó tẹ̀lé e. Lẹ́yìn náà, gbogbo ìlà sún sẹ́yìn. Láoyè gan-an sún àga rẹ̀ sẹ́yìn.

Ìyá Adépèlé ní kí wọ́n gbé òun wá lórí àga. "Èmi ni ìkẹrìnlá," ó wí. "Ẹ̀rọ náà jẹ mí ní gbèsè àwòrán ojú." Ó fi ọwọ́ òsì gbé ọwọ́ ọ̀tún tó wúwo, ó gbé àtàǹpàkò lé e. Káàdì jáde.

"Àwòrán yìí burú," ni màmá wí. "Ṣùgbọ́n èmi ni."

Àádọ́ta àtàǹpàkò ti kọjá nígbà tí fóònù Fẹ́hìntọlá dún, nọ́ḿbà tí kò mọ̀.

"Èmi Akínbọ̀dé ni. Mo gbọ́ pé o ti tún un ṣe. Mo fẹ́ kí o padà sẹ́nu iṣẹ́. Dúró sílé lọ́la, n ó pè ọ́ ká jọ sọ̀rọ̀ lẹ́tà yẹn."

Fẹ́hìntọlá wo ìlà gígùn tó ṣì kù. Ó wo Ìyá Adépèlé tó ń gbìyànjú láti fi ìka tó wúwo di káàdì mú.

"Ọ̀gá, ẹ má pè mí. Mo ti kó kúrò nílé. Ẹni tí ẹ máa bá sọ̀rọ̀ wà ní bẹ́ẹ̀dì kẹta. Ẹ wá fúnra yín, ẹ sì mú lẹ́tà tó sọ òótọ́ dání."

Ó pa fóònù, ó ní kí Láoyè pe ẹni tó kàn.

Bí àwọn akọ̀wé ètò ṣe ń yá kóòdù yẹn lò láti ilé ìwòsàn náà káàkiri nìyẹn, tí wọ́n ń bá àlàyé orí rẹ̀ pàdé, tí kò sì sí ẹni tó láyà láti yọ ọ́ mọ́. Bí o bá bá ọ̀kan nínú wọn tó ń wo fóònù tí kò lọ, gbọ́ ohun tó máa sọ: ẹni tó ní kí wọ́n wá pe òun kì í kó kúrò nílé. Bí ẹnikẹ́ni bá sì fẹ́ sọ pé irọ́ ni, kó kọ́kọ́ bọ́ bàtà.