Olóyè Ọ̀rẹ́-Àbàtà Ta Màrìwò

Ní Ìgándò, láyé ológun, kò sí ẹni tó fẹ́ràn igi àti omi tó Olóyè Báyọ̀dé. Òun fúnra rẹ̀ ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀rẹ́-Àbàtà, Baba-Ewéko, Alágbàtọ́-Ọ̀pọ̀lọ́: òun náà ló sọ ara rẹ̀ ní gbogbo orúkọ wọ̀nyẹn, ó sì ń bínú sí ẹni tó bá gbàgbé ọ̀kan nínú wọn.

"Ilé ìgbafẹ́ tí mo fẹ́ kọ́ sétí àbàtà yín," ló wí fún Bàbá Ṣàíbù, olórí ẹbí tó ni ilẹ̀, "orí òpó igi ni yóò wà, bíi tàwọn Ìlàjẹ létí òkun. Omi á máa ṣàn lábẹ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀lọ́ kan ò ní mọ̀ pé mo dé."

"A ti gbọ́," ni Bàbá Ṣàíbù dáhùn. "Ọjọ́ tí ẹ bá da yanrìn sínú omi táwọn ìyàwó wa ń pọn, ilẹ̀ padà sọ́wọ́ wa nìyẹn."

Olóyè búra lójú gbogbo ẹbí.

Ṣùgbọ́n òpó igi kò lè gbé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, Olóyè náà kò sì lè fara mọ́ ilé tí wọn ò ní máa wò láti Ẹgbẹ́dá. Ó fi páànù yí ibẹ̀ ká, típà tó kó yanrìn sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba ẹ̀yìn wọlé. Nígbà táwọn obìnrin ní omi ń fà, ó ní ẹ̀ẹ̀rùn ni. Òótọ́ kúkú ló sọ: ọ̀pọ̀lọ́ kankan ò mọ̀ pé ó dé, nítorí kò sí ọ̀pọ̀lọ́ mọ́.

Ìṣílé kù sí dẹ̀dẹ̀, ó wá ku bí wọn yóò ṣe fi yanrìn àti bùlọ́ọ̀kù tí wọ́n fi kọ́lé pamọ́. Olóyè ronú, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní kí wọ́n ká páànù kúrò, kí wọ́n gé màrìwò tútù wá. Wọ́n ta á sórí okùn kan ṣoṣo, láti ẹnu ọ̀nà títí yí ilé ká, ilé wá jọ igbó.

Àwọn àlejò pàtàkì dé láti Ìkòyí. Obìnrin àkọ́kọ́ tó bọ́ sílẹ̀ rí màrìwò, ó padà sínú mọ́tò. Èkejì ò tilẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ rárá.

Olóyè yíjú sí ìyàwó rẹ̀. "Tinúọlá, ṣáájú wọn wọlé, kí wọ́n lè rí i pé kò séwu."

"Èmi kẹ̀? Bí obìnrin bá fojú kan orò, orò á gbé e. Dádì, ẹ máa wọlé yín lọ jàre."

Ibi tí wọ́n dé nìyí tí Bàbá Ṣàíbù fi yọ pẹ̀lú àwọn obìnrin ẹbí. "Olóyè, òrìṣà wo lẹ gbé síbẹ̀ tí a ò gbọ́?"

"Ọ̀ṣọ́ lásán ni, Bàbá."

"Tó bá jẹ́ ọ̀ṣọ́, ẹ já a, káwọn èèyàn ríbi wọlé."

Bó bá já a, àṣírí á tú. Bí kò bá já a, àlejò á lọ. Mọ́tò kan ti ń fẹ̀yìn rìn. Olóyè di màrìwò kan mú, ó rọra fà á bí ẹni ń fa irun imú. Okùn já, gbogbo màrìwò sì wó lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bùlọ́ọ̀kù yọ, òkìtì yanrìn yọ, típà tí wọ́n gbàgbé sẹ́yìn ilé náà yọ.

Fàúsátù, ìyàwó Bàbá Ṣàíbù, rìn lọ sórí yanrìn, ó dúró. "Ibí ni mo ti ń pọnmi látọjọ́ tí mo ti wọlé ọkọ," ló wí. Ọ̀rọ̀ náà dun gbogbo ẹni tó gbọ́ ọ.

"Ọ̀rẹ́-Àbàtà," ẹnì kan pè láàárín èrò, "àbàtà dà?"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín, àwọn ará Ìkòyí pàápàá ń di ara wọn mú.

Bàbá Ṣàíbù kò rẹ́rìn-ín. Ó he màrìwò kan nílẹ̀, ó so ó padà sẹ́nu ọ̀nà. "Ọ̀ṣọ́ ni tiyín, Olóyè. Èyí kì í ṣe ọ̀ṣọ́: ilẹ̀ ti padà sọ́wọ́ wa. Ẹ bọ́ sẹ́yìn."

Tìlẹ̀kẹ̀ tìfìlà, Olóyè bọ́ sẹ́yìn.