Àbàtà Tí Pásítọ̀ Dí

Ọ̀la ni ọgọ́ta akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì yóò ṣèrìbọmi nínú odò ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì tuntun Pásítọ̀ Akínyẹmí ní Ọ̀tà. Alábòójútó àgbà ìjọ wọn fúnra rẹ̀ ń bọ̀. Inú pásítọ̀ ń dùn ṣìnkìn títí ó fi dé etí odò láàárọ̀, tó bá omi tó pọ́n bí ọbẹ̀. Ìyá Ràfátù, ọmọ onílẹ̀ tó ń dẹ ìgèrè níbẹ̀ láti kékeré, jókòó sórí òkúta, ó ń tú ìgèrè rẹ̀ wò.

"Màmá, ta ló ba odò mi jẹ́ báyìí?"

"Ẹ̀yin ni, Pásítọ̀."

"Èmi kẹ̀? Torí odò yìí ni mo ṣe ra ilẹ̀!"

"Ẹ ra á tán, ẹ wá fi yẹ̀pẹ̀ dí àbàtà."

"Àbàtà ni mo dí, n kò fọwọ́ kan odò. Àádọ́rin típà! Ìdàgbàsókè nìyẹn."

"Àbàtà takété bí ẹni tí kò bá odò tan. Koríko ibẹ̀ ló ń bá odò sẹ́ omi, ìdí rẹ̀ lẹja ń yé sí. Òjò kan ṣoṣo rọ̀, yẹ̀pẹ̀ yín ti wọ odò."

"Kí ẹja kó lọ sí ọ̀sà."

"Ọ̀sà náà ni yẹ̀pẹ̀ yín ń lọ. Ó ti ṣáájú wọn." Ó fa sálúbàtà kan yọ nínú ìgèrè. "Ohun tí mo pa lónìí nìyí. Ẹsẹ̀ òsì. Mò ń retí ọ̀tún lọ́la."

Pásítọ̀ ti áńkáṣífù funfun rẹ̀ bọ omi. Ó jáde bí amọ̀.

"Yéè! Aṣọ funfun ni wọ́n máa wọ̀! Wọ́n á wọlé bí áńgẹ́lì, wọ́n á jáde bí ìkòkò! Màmá, tí mo bá da álọ́ọ̀mù sí i ńkọ́? Àpò mélòó ló máa mú un tòrò?"

"Ẹ dà á. Ẹ wá bẹ odò kó dúró dè é."

"Ká lọ sí apá òkè odò, àbí?"

"Omi dúdú ni ilé iṣẹ́ ń tú síbẹ̀. Ẹ mú àwọ̀ tó bá wù yín."

Pásítọ̀ jókòó gbì sílẹ̀, ẹkún ń gbọ̀n ọ́n. "Kí ni kí n ṣe?"

"Ẹ kó yẹ̀pẹ̀ yín."

"Ṣọ́ọ̀ṣì ti wà lórí ẹ̀!"

Ìyá Ràfátù wo ṣọ́ọ̀ṣì, ó wo ojú ọ̀run tó ṣú dùdù, ó gbé ìgèrè rẹ̀ kọ́ èjìká.

"Ẹ má dààmú mọ́ nígbà náà. Ilé odò lẹ kọ́lé sí. Bí òjò yìí bá rọ̀, odò fúnra rẹ̀ á wá sí ìsìn lọ́la. Gbogbo ìjọ ni yóò ṣèrìbọmi, àtẹni tó ti ṣe tẹ́lẹ̀, àti alábòójútó!"