Máṣíìnì Tí Kò Dé Tokpota Rí

Ní Àjàṣẹ́, lọ́dún tí búrò ìjọba tó ń pín òṣìṣẹ́ sí ìlú dé ìlú ra máṣíìnì tó ń ka páálí wọn, wọ́n sọ fún Souaïbou ará Tokpota pé máṣíìnì náà ti mú un pé kó lọ ṣiṣẹ́ ní Natitingou, lókè lọ́hùn-ún. Ó ti ń jíṣẹ́ ní búrò yẹn láti ayé àwọn òyìnbó. Kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó ṣí fìlà, ó wọlé tọ Hilaire, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń tọ́jú máṣíìnì.

"Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́. Kí ni mo fi ṣe máṣíìnì yín?"

"Kò sí nǹkan kan, Bàbá. Ẹni tí kò lọ́mọ ló ń wá. Ẹnì kan péré la ní kó mú. Àgbà ló sì ń ṣíwájú nínú àwọn páálí, ló bá mú yín."

"Ẹni tí kò kí ni?"

"Tí kò lọ́mọ." Hilaire fa páálí Souaïbou yọ, pẹlẹbẹ oníhò kan, ó gbé e sókè síná. "Ihò yìí ni àwọn ọmọ yín. Òdo."

Souaïbou wo ihò náà títí. Ó yí páálí padà, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀, bóyá ibẹ̀ ni wọ́n wà.

"Hilaire." Ó ti gbàgbé láti pè é lọ́gàá. "Lọ́jọ́ tí mo sọ ìbejì mi lórúkọ, ta ló jókòó ti ìkòkò ẹran?"

"Èmi ni, Bàbá."

"Apá ibo lẹ jẹ lára àgbò?"

"Itan."

"Ṣé òdo la sọ lórúkọ lọ́jọ́ náà?"

"Ẹ má bínú. Máṣíìnì kì í ṣàṣìṣe. Àwọn ọmọ yín ló pọ̀ jù. Kí ìbejì tó dé, mẹ́jọ ni wọ́n…"

"Ẹ dákẹ́! A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ."

"Èmi kọ́ ló kà wọ́n, máṣíìnì ni."

"Ẹ ní kóun náà dákẹ́."

"Ẹ gbọ́ mi, Bàbá. Àyè kan ṣoṣo ló fi sílẹ̀ fún ọmọ. Òdo dé ẹ̀sán ló mọ̀. Tó bá di ẹ̀wá, oókan àti òdo là ń kọ. Oókan kò ráyè, ó já bọ́. Òdo nìkan ló wọlé."

"Ó já bọ́?" Souaïbou bẹ̀rẹ̀, ó wo abẹ́ máṣíìnì. "Ọmọ ọlọ́mọ já bọ́, ẹ ò ṣà á?"

"Àwọn tó ṣe é nílùú òyìnbó ló ní kò sẹ́ni tó máa bí ju mẹ́sàn-án lọ."

"Wọn ò dé Tokpota rí."

Hilaire fa àga sún mọ́ ọn. "Ọ̀nà kan wà. Ẹ jẹ́ ká yọ ọ̀kan. Lórí páálí nìkan ni. Mẹ́sàn-án á ráyè wọlé, ẹ ó sì dúró sí Àjàṣẹ́."

"Èwo?"

"Èyí tó wù yín."

"Èyí tó wù mí ni n óò yọ?"

"Èyí tí kò wù yín, ẹ jàre."

"Ẹ lọ sọ bẹ́ẹ̀ fún Barakatou, ìyá wọn. N óò dúró síta."

"Ọ̀kan nínú ìbejì ńkọ́? Wọ́n jọra. Ta ló máa mọ̀?"

"Èkejì á mọ̀. Ohun tí ẹ bá ṣe fún Táyé, ẹ ṣe é fún Kẹ́hìndé. Wọn kì í ya ìbejì."

"Ká yọ méjèèjì nígbà náà. Á ku mẹ́jọ…"

"Ó tún ń kà wọ́n!"

Souaïbou jókòó. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀.

"Natitingou jìnnà, ọmọ mi. Tí Barakatou bá ń fún ọ̀kan lọ́mú, ta ni yóò gbé èkejì?"

Hilaire kọjú sí máṣíìnì. Ó ṣí ẹ̀yìn máṣíìnì, ó fa wáyà kan, ó ki òmíràn bọ ihò.

"Àyè kan wà níwájú èyí, a ò lò ó rí. Mo ti fi kún un. Ó lè ka ọmọ dé mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún báyìí. Mo ti tún un ṣe títí ayé."

"Tó bá pé ọgọ́rùn-ún ńkọ́?"

"Ta ló máa bí ọgọ́rùn-ún ọmọ?"

"Bẹ́ẹ̀ náà làwọn tàkọ́kọ́ wí."

Hilaire lu ihò tuntun sí páálí Souaïbou, ó tan máṣíìnì. Ó kùn, ó gbọ̀n, ó ju páálí náà sínú apẹ̀rẹ̀ àwọn ọlọ́mọ.

"Mo wí bí? Máṣíìnì kì í ṣàṣìṣe!"

Máṣíìnì kò tíì dákẹ́. Ó wá ẹni tí kò lọ́mọ kiri, ó tutọ́ páálí mìíràn sínú apẹ̀rẹ̀ Natitingou. Hilaire mú un, ó kà á, ó tún un kà. Souaïbou kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ó mọ ojú kà.

"Ta ni, ọ̀gá?"

"Máṣíìnì yìí ti ṣàṣìṣe."

"Àṣé ẹ lọ́mọ níbì kan?"

"N kò tíì níyàwó, Bàbá."

"Òdo tiyín tọ̀nà nígbà náà."

Hilaire rọra jókòó sórí àga. Ó fi páálí fẹ́ ara rẹ̀ díẹ̀.

"Bàbá Ìbejì, ẹ dákun. Ọ̀kan tí mo ní kí ẹ yọ lẹ́ẹ̀kan… ẹ ò lè yá mi? Lórí páálí nìkan ni."

Souaïbou dìde, ó dé fìlà rẹ̀ padà.

"Ìbejì ni wọ́n, ọ̀gá. Ẹni tó mú ọ̀kan, méjèèjì ló mú. Ẹ wá gbé wọn nírọ̀lẹ́. Wọn kì í sùn lóru."