Aṣọ Àdúrà Tó Ń Hanrun

Ẹjọ́ abẹ́rẹ́ àti òwú ló wọ ààfin Baálẹ̀ àdúgbò wa ní Ògbómọ̀ṣọ́ lánàá, ẹjọ́ tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Ààfin la ń pè é o. Ilé onípáànù ni, àga oníke mẹ́jọ ló wà níbẹ̀, ọ̀kan nínú wọn kò sì lẹ́sẹ̀ tó pé. Ṣùgbọ́n ẹjọ́ tí Baálẹ̀ bá dá níbẹ̀, kò sẹ́ni tó ń gbé e lọ sí ibòmíràn, nítorí ìtìjú kò ní kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn.

Ọmọ́ṣaléwá ni wọ́n pè lẹ́jọ́. Ọmọbìnrin náà ń fi abẹ́rẹ́ ọwọ́ ṣọnà sí aṣọ, kì í ṣe ti ẹ̀rọ. Ọ̀yọ́ ló ti kọ́ṣẹ́, ó sì padà wá ṣí ṣọ́ọ̀bù níhìn-ín. Tirẹ̀ yàtọ̀ sí ọnà ọrùn agbádá tí gbogbo wa mọ̀. Kó tó fa òwú, á kọ́kọ́ bi èèyàn mẹ́ta pé kí ni wọ́n fi mọ oníbàárà òun. Ohun tí ẹnu wọn bá kò lé lórí ni yóò yà sí aṣọ onítọ̀hún. Bó ṣe ya kẹ̀kẹ́ márúwá tí táyà rẹ̀ jò sí fìlà Mubaraq oníkẹ̀kẹ́ nìyẹn, tó sì ya pàṣán sí àpò gáùn ìyá kan tó jẹ́ olùkọ́ àgbà. Inú àwọn méjèèjì dùn, wọ́n tún mú oníbàárà wá. Ọmọ́ṣaléwá ń pe ọ̀nà iṣẹ́ rẹ̀ yìí ní ìmísí. Àdúgbò ń pè é ní òfófó olówùú.

Lánàá, aṣọ tó fi ọ̀sẹ̀ méje gbáko ṣe wà lórí tábìlì níwájú Baálẹ̀, sísọ́ọ̀sì sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Olùpẹ̀jọ́ ló gbé sísọ́ọ̀sì wá láti ilé. Bí wọ́n bá dá Ọmọ́ṣaléwá lẹ́bi, ojú gbogbo èèyàn ni yóò ti tú ọ̀sẹ̀ méje náà ká, tí yóò sì fi abẹ́rẹ́ sílẹ̀ títí ayé. Ọmọ náà kò lè gbé ojú kúrò lára sísọ́ọ̀sì yẹn.

Olùpẹ̀jọ́ ni Alàgbà Akínpẹ̀lú tó ń ta sìmẹ́ńtì, èèyàn ńlá ní ìjọ Aládùúrà rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ fún Baálẹ̀, ẹni tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún, ó sì bẹ̀rẹ̀.

"Kí ẹ̀mí Baálẹ̀ gùn. Ọmọ yìí bà mí lórúkọ jẹ́ lẹ́yìn."

"Ṣé iwájú ni wọ́n ti ń bani lórúkọ jẹ́ tẹ́lẹ̀?" Ọ̀tún Baálẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀; ọkùnrin náà kì í lè panu mọ́.

"Ẹ̀yìn mi gan-an ni mo ń wí, Ọ̀tún! Ẹ̀yìn aṣọ mi! Mo gbé sùtánà funfun fún un nítorí ìkórè ìjọ wa. Mo ní kó fi ohun tí gbogbo ìjọ fi mọ̀ mí sí i lẹ́yìn."

"Kí lo rò pé wọ́n fi mọ̀ ọ́?" ni Baálẹ̀ bi í.

"Àdúrà, bàbá! Mo rò pé á yà mí lórí ìkúnlẹ̀, iná lórí mi, áńgẹ́lì lápá ọ̀tún, áńgẹ́lì lápá òsì."

"Kí ló wá yà?"

Alàgbà wolẹ̀. Ọ̀tún kò dúró kí wọ́n rán an, ó fa aṣọ náà dìde, ó yí ẹ̀yìn rẹ̀ sí ìta.

Ẹ̀yin èèyàn mi! Láti èjìká dé orúnkún, ọkùnrin kan rọ̀gbọ̀kú sórí àga, orí rẹ̀ ti yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ìwé orin ń já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹnu rẹ̀ sì là gbayawu. Èèyàn lè ka eyín rẹ̀. Eṣinṣin kan bà sí ètè ìsàlẹ̀, òwú dúdú tín-ín-rín ni wọ́n fi ṣe ìyẹ́ rẹ̀. Àwọn ìgbìmọ̀ kò rẹ́rìn-ín, àgbà ni wọ́n. Ikọ́ ni gbogbo wọn ń wú lẹ́ẹ̀kan náà.

"O ò sì rí i kó o tó wọ̀ ọ́?" ni Baálẹ̀ bi í.

"Nínú ìjọ tiwa, aṣọ àdúrà tuntun kì í kan ara títí wòlíì yóò fi gbàdúrà sí i. Bó ṣe dì í sínú ọ̀rá ló ṣe dé orí pẹpẹ. Lọ́jọ́ ìkórè, àwọn ìyá ìjọ méjì ló dúró sẹ́yìn mi tí wọ́n gbé e wọ̀ mí."

"Àwọn ìyá ìjọ náà kò sọ nǹkan kan?"

"Wọ́n ní, 'Ó bá yín mu gan-an ni, bàbá.'"

Ikọ́ tún bẹ̀rẹ̀.

"Mo jó yí ṣọ́ọ̀ṣì po lẹ́ẹ̀mẹta, Baálẹ̀! Mo rò pé ijó mi ni wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún! Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti kọjá, wọ́n á máa hanrun lẹ́yìn mi. Oníbàárà kan wá ra àpò sìmẹ́ńtì mẹ́wàá, ó kọ́kọ́ bi mí pé ṣé mo ti jí. Nǹkan méjì ni mo fẹ́. Kí ọmọ yìí tú u níhìn-ín, fọ́nrán kọ̀ọ̀kan. Kó sì búra pé òun ò ní fọwọ́ kan abẹ́rẹ́ mọ́, ì báà ṣe láti rán bọ́tìnnì."

Ọmọ́ṣaléwá wo eṣinṣin náà. Ọjọ́ méjì ló fi ṣe ìyẹ́ rẹ̀ nìkan. Ẹ̀rù ń bà á, òótọ́ ni, àmọ́ inú tó ń bí i ju ẹ̀rù lọ.

"Ọmọ́ṣaléwá, o gbọ́," ni Baálẹ̀ wí.

Ó kúnlẹ̀. "Mo gbọ́, bàbá. Mi ò jẹ̀bi. Ìmísí ló jẹ̀bi."

"Ìmísí kò ní àdírẹ́sì. Ìwọ la rí mú."

"Bàbá, àwòrán inú ìwé tí gbogbo ayé ń dà kọ ti sú mi. Òdòdó, ẹyẹ, òdòdó, ẹyẹ! Iṣẹ́ abẹ́rẹ́ ayé òde òní, ìgbésí ayé èèyàn là ń wò ká tó fa òwú. Alàgbà fúnra wọn ni wọ́n ní kí n ya ohun tí ìjọ fi mọ̀ wọ́n. Mo bi ìyàwó wọn, mo bi awakọ̀ wọn, mo bi olórí akọrin wọn. Oorun ni gbogbo wọn dárúkọ. Mo tún lọ jókòó sí ṣọ́ọ̀ṣì wọn fún Àìkú mẹ́ta kí n má baà purọ́ mọ́ wọn. Àìkú kejì ni eṣinṣin dé."

"O ò wá lè yọ eṣinṣin sílẹ̀?"

"Á di irọ́, bàbá. Eṣinṣin yẹn pẹ́ níbẹ̀ ju oníwàásù lọ."

"Ẹ gbọ́ ẹnu ẹ̀!" Alàgbà nawọ́ sí sísọ́ọ̀sì. Ọ̀tún gbá a lọ́wọ́.

Wọ́n pe Emmanuel, awakọ̀ Alàgbà. Ọ̀gá rẹ̀ ranjú mọ́ ọn, Emmanuel sì ń fún fìlà ara rẹ̀ lọ́wọ́ bí aṣọ tí wọ́n fẹ́ sá.

"Ọ̀gá mi kì í sùn ní ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n máa ń ronú ni."

"Pẹ̀lú ẹnu líla?" ni Baálẹ̀ bi í.

"Èrò wọn ló pọ̀, bàbá."

"Ariwo tó ń jáde níbẹ̀ ńkọ́?"

"Wọ́n máa ń ronú sókè."

"Kí lo wá sọ fún ọmọ yìí nígbà tó bi ọ́?"

"Mo ní wọ́n ń sùn. Ṣùgbọ́n ọ̀gá ò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn."

Kò tíì jókòó tán tí ìyá Olúyẹ́misí, ìyàwó Alàgbà, fi dìde. "Irọ́ ni Emmanuel ń pa. Ọkọ mi ń sùn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bá ọmọ yìí náà wí, nítorí àwòrán yìí kò jọ ọ́."

Alàgbà fò sókè. "Ẹ gbọ́! Ìyàwó mi gan-an ní kò jọ mí!"

"Ẹnu yìí kéré," ni ìyàwó rẹ̀ wí. "Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo ti ń wo inú ẹnu yẹn, mo mọ bó ṣe tó."

Alàgbà jókòó. Àga aláìpé-ẹsẹ̀ ni ó jókòó lé, díẹ̀ ló kù kó ṣubú.

Ẹlẹ́rìí tó kù ni Alhaji Israfil, ọ̀gá tó kọ́ Ọmọ́ṣaléwá níṣẹ́, tó wọ mọ́tò wá láti Ọ̀yọ́. Baba náà kò rẹ́rìn-ín sí ẹnikẹ́ni. Ó bọ awò sójú, ó sì kọjú sí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀.

"Nígbà tiwa, ọnà kì í lójú, kì í nímú. Mi ò kọ́ ọ láti máa ya èèyàn. Inú ń bí mi sí ọ."

Bẹ́ẹ̀ Ọmọ́ṣaléwá ló ránṣẹ́ pe baba yìí wá kó gbè é.

"Bí Baálẹ̀ bá ní kó tú u, mi ò ní bẹ̀bẹ̀," ni Alhaji wí. Ó wá fa aṣọ náà sún mọ́ ojú fèrèsé. Ó wò ó. Ó tún un wò. Ó fi ìka kan tọ ẹ̀gbẹ́ ẹnu ọkùnrin inú aṣọ náà. "Ta ló kọ́ ọ láti fa òwú wẹ́wẹ́ báyìí?"

"Ẹ̀yin ni, bàbá."

"Irọ́ ni. Èmi alára ò lè ṣe é."

Omi bọ́ lójú Ọmọ́ṣaléwá. Láti ìgbà tó ti gba fìríìdọ̀mù, baba yẹn kò yìn ín lẹ́ẹ̀kan rí.

Alhaji bọ́ awò rẹ̀. "Baálẹ̀, aṣọ yìí kò ṣeé tú. Abẹ́rẹ́ ti gún un jù. Bí ẹ bá yọ òwú, ihò ni yóò kù, ihò náà á sì tò bí òwú ṣe tò. Alàgbà á ṣì máa sùn lára rẹ̀ ni, àfi pé atẹ́gùn á máa gba ibẹ̀ wọlé sí wọn lára."

Nígbà tí Alàgbà rí i pé sísọ́ọ̀sì òun kò wúlò mọ́, ó yí ohùn padà kíá.

"Ó dáa! Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́. Kì í ṣe oorun. Ìran ni mo ń rí!"

"Háà!" ni Ọ̀tún wí. "Ìran ló la ẹnu bẹ́ẹ̀?"

"Kí lo rí?" ni Baálẹ̀ bi í.

"Ẹ̀yin ni mo rí, Baálẹ̀. Ẹ wọ aṣọ funfun. Ọ̀run ní kí n sọ fún yín pé ẹ ó pẹ́ láyé."

"Àṣẹ. Kí ni wòlíì wàásù lé lórí lọ́jọ́ náà?"

Alàgbà gbé ojú sókè, ó ń wo páànù. "Oore Ọlọ́run ni, bàbá."

"Ó tì o!" Ìyá Olúyẹ́misí ti tún dìde. "Àwọn tó ń sùn nílé Ọlọ́run ló wàásù lé lórí. Ìgbà tó kù díẹ̀ kó parí lẹ jí, ẹ sì pariwo pé, 'Ẹ bá wọn wí, wòlíì! Ẹ má ṣàánú wọn!'"

Ikọ́ àgbà bá pin. Ẹ̀rín bú jáde, Ọ̀tún ń fi aṣọ nu ojú, ó ń sọ pé àgbà kì í wà ní ṣọ́ọ̀ṣì kí ẹnu tirẹ̀ là. Baálẹ̀ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó fi abẹ̀bẹ̀ gbá tábìlì títí ilé fi dákẹ́.

"Ọmọ́ṣaléwá, èèyàn mẹ́ta lo bi léèrè, o ò bi ẹni tí yóò gbé e kọ́ ẹ̀yìn. O rí i pé á dójú tì í, o sì dì í sínú ọ̀rá. Ìyẹn kì í ṣe ìmísí, àìlójútì ni. Alàgbà, ìwọ lo ní kí wọ́n ya ohun tí wọ́n fi mọ̀ ọ́. Wọ́n yà á, o wá ń bá abẹ́rẹ́ jà. Ẹni tí kò bá fẹ́ kí wọ́n rí òun níbi tó ti ń sùn, ṣé kò ní bẹ́ẹ̀dì nílé ni?"

Ó gbé abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ kalẹ̀.

"Ẹ gbọ́ ìdájọ́ mi. A ò ní tú aṣọ yìí. Sísọ́ọ̀sì di ti ààfin."

Ọmọ́ṣaléwá fẹ́ fò sókè. Baálẹ̀ nawọ́ sí i pé kó kúnlẹ̀ síbi tó wà.

"Alàgbà yóò máa wọ̀ ọ́ lọ́jọọjọ́ Àìkú. Láti òní lọ, aṣọ ti gba iṣẹ́ oorun lọ́wọ́ rẹ̀, méjì wọn kò gbọdọ̀ jọ máa ṣe é. Bí ẹ̀yìn bá ń sùn, kí iwájú máa wò."

"Bàbá, bó bá wá ṣèèṣì gbé mi lọ ńkọ́?"

"Nítorí ìyẹn ni Ọmọ́ṣaléwá yóò ṣe máa jókòó sẹ́yìn rẹ títí di ìkórè tó ń bọ̀, abẹ́rẹ́ lọ́wọ́, òwú pupa nínú rẹ̀. Àìkú tí o bá sùn, kó kọ déètì ọjọ́ náà sí abẹ́ àwòrán. Kò ní bọ́ aṣọ lọ́rùn rẹ kó tó kọ ọ́."

"Yéè! Baálẹ̀!" Ọmọ́ṣaléwá ló ké, kì í ṣe Alàgbà. "Onítẹ̀bọmi ni mí! Ìwàásù wọn máa ń tó wákàtí mẹ́ta!"

"Ìjìyà tìrẹ nìyẹn. Bí ìwọ náà bá sùn, Alàgbà yóò gba abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ rẹ, á sì ya oorun tìrẹ sí ẹ̀yìn búláòsì rẹ. Bó bá ṣe mọ̀ ọ́n yà ni kó yà á."

Ọmọ́ṣaléwá wo ọwọ́ Alàgbà, ọwọ́ tó fi ń gbé sìmẹ́ńtì láti ogún ọdún. Ó búra nínú ara rẹ̀ pé òun ò ní ṣẹ́jú títí di ìkórè.

Alàgbà ti mú sùtánà rẹ̀ lójú fèrèsé. Ó tẹ́ ẹ sórí itan, ó ń fi ìka wọn àyè tó kù lábẹ́ àwòrán náà, ètè rẹ̀ ń mì bí ẹni tó ń ka àwọn ọjọ́ Àìkú tó wà nínú ọdún.

"Baálẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ sà. Ẹ̀yìn aṣọ yìí kò fi bẹ́ẹ̀ láyè. Bí déètì bá kún un ńkọ́?"

Baálẹ̀ ti dìde, ó ń wọ bàtà rẹ̀.

"Apá aṣọ méjèèjì ṣì wà níbẹ̀," ó ní.